Iná Kẹtàdínlógún

Ẹsẹ̀ méjì ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà, wọ́n sì ń jáde bọ̀ láti inú àjà.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà, fóònù wà létí rẹ̀, oníbàárà kan sì ń pariwo lé e lórí bí ẹni tí wọ́n jí ìyá rẹ̀ gbé, nítorí pé ẹ̀rọ ìfami tí wọ́n tà fún un kò fa omi, afẹ́fẹ́ ló ń fà. Bí ó ti gbójú sókè, ẹsẹ̀ kan rọ̀ wálẹ̀ láti inú ihò tó wà lókè orí rẹ̀ gan-an. Ó gùn, ó gùn, kò tán. Ìkejì tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ bàtà. Ti òsì wọ ìbọ̀sẹ̀ nìkan, àtàǹpàkò sì ti yọjú níbi tí ìbọ̀sẹ̀ náà ti ya, ó ń wo ayé. Àwọn ẹsẹ̀ náà rọra ń mì láìsí ariwo, bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò sí láyé mọ́.

Ọmọbìnrin mìíràn ì bá ti sá débi tí aṣọ rẹ̀ ò fi ní bá a mọ́. Èyí kò sá. Ó fi ohùn tó tutù ju omi inú àmù lọ sọ sínú fóònù pé, "Ẹ dúró díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹ-Dúró-Díẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti ń gba fóònù níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ayé lè gbé wá tí kò ní sọ fún pé kó dúró ná. Wọ́n ní òjò kan ṣú lọ́jọ́ kan tó fẹ́ máa lọ sílé, ó gbójú sókè, ó sọ ọ́ fún un, òjò náà sì dúró lójú sánmà títí ó fi tilẹ̀kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀," ni ohùn kan wí láti inú àjà. "Ṣé ilẹ̀ ṣì jìnnà?"

"Ó ku díẹ̀. Ìgbà wo lẹ ti ń bọ̀?"

"Láti àná."

Ó fò sílẹ̀, ilé mì. Nígbà tó nà tán, orí rẹ̀ ti padà sínú ihò tó ti jáde, ó sì di dandan kó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lè kí ara wọn. Eruku àjà ti sọ ọ́ di funfun láti orí dé ọrùn bí òkú tó jáde wá béèrè ọ̀nà. Ojú méjì péré ló dúdú, àwọn yẹn sì ń rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ló bá wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un láti yọ gbogbo fóònù àtijọ́ ilé náà, kó fi tuntun sórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní bọ́tìnì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti sọ ọ́ ní Òpó Wáyà kó tó wọlé. Ó ní òun ti rí òpó tó kúrú jù ú lọ.

Fóònù tuntun náà dúdú, ó wúwo, ó sì kún fún bọ́tìnì bí àgbàdo ti kún fún hóró. Tábìlì Ẹ-Dúró-Díẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Eléyìí ni ìdúró," ni Òpó Wáyà wí, ó fi ìka lé ọ̀kan. "Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, orin ni ẹni ọ̀hún á máa gbọ́. Ẹ ò ní gbọ́ ọ, òun náà ò ní gbọ́ yín."

"Bó bá ń bú mi ńkọ́?"

"Orin ló ń bú. Èyí tó tẹ̀lé e, ẹnu tiyín nìkan ló ń pa mọ́. Ẹ ó máa gbọ́ ọ, òun ò ní gbọ́ yín. Kò sí orin níbẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni."

"Bọ́tìnì olófòófó nìyẹn."

"Tàbí ti ìyàwó ilé."

"Ẹ ti níyàwó ni?" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó rántí pé nínú gbogbo bọ́tìnì yẹn, kò sí èyí tó ń dá ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu.

"Èmi? Obìnrin tó bá fẹ́ fẹnu kò mí lẹ́nu ní láti yá àkàbà."

"Àkàbà wà ní yàrá ìkẹ́rùsí," ni Ẹ-Dúró-Díẹ̀ wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára fóònù. Lẹ́yìn náà ni etí rẹ̀ gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ.

Ó kọ́ ọ ní bọ́tìnì tí ń gbé ìpè lọ fún ẹlòmíràn, ó kọ́ ọ ní èyí tí ń tún nọ́ńbà ìkẹyìn pè, ó kọ́ ọ ní sípíkà, tí ènìyàn fi lè máa sọ̀rọ̀ láìgbé nǹkan kan sétí. Lẹ́yìn náà ló fi iná kéékèèké mẹ́tàdínlógún hàn án, tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Yàrá mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń lò nínú ilé náà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù ní yàrá rẹ̀, iná tirẹ̀ á pọ́n. Ó fi bírò kọ orúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan sábẹ́ iná rẹ̀. Sábẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn, kò kọ nǹkan kan. Ó ní òfìfo ni, kò sí wáyà lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Àgbà sùn lọ lórí tábìlì, ìgúnpá rẹ̀ sì tẹ bọ́tìnì ìkéde. Gbogbo fóònù tuntun tí wọ́n ti so bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé gbọ̀n rìrì, fèrèsé méjì là, obìnrin kan ní àjà kejì sáré kó aṣọ tó sá síta nítorí ààrá. Òpó Wáyà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ-Dúró-Díẹ̀ ń wo eyín rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń wò ó.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ Òpó Wáyà ni láti máa pè é láti yàrá dé yàrá, kó lè mọ̀ bóyá ìlà dára.

"Ìlà kẹrin rèé. Ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́ yín."

"Báwo ni ohùn mi ṣe rí?"

"Bí ti ẹni tí ebi ń pa."

"Fóònù yẹn dáa gan-an ni."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ìlà kẹfà nìkan ti bàjẹ́ nígbà mọ́kànlá, ó sì ń fẹ́ àyẹ̀wò ní wákàtí wákàtí. Ẹ̀yin ti di ìwọ. Ẹ-Dúró-Díẹ̀ mọ̀ pé ọkùnrin náà fẹ́ràn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa tutù, pé ìyá tó bí i ti kú, pé ó ti so fóònù ní ìlú mẹ́tàlélógún láìní ẹnì kan tí yóò fi ọ̀kan nínú wọn pè. Òun náà sọ fún un pé òun àti bàbá òun nìkan ló kù nílé.

Ọjọ́ karùn-ún ni iná náà pọ́n.

"Ta ló wà lórí ìlà pẹ̀lú wa?" ni ó béèrè.

"Kò sẹ́nì kankan," ni Òpó Wáyà dáhùn láti ìlà kẹfà. "Kí ló dé?"

"Iná kẹtàdínlógún ti pọ́n."

"Kò sí wáyà lára ìyẹn."

"Ó pọ́n. Mo ń wò ó."

Àwọn méjèèjì dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n ti gbọ́ ọ: kì í ṣe ọ̀rọ̀, kì í ṣe èémí, ìró ibi tí ẹnì kan wà tó ń ṣọ́ra kí wọ́n má baà gbọ́ òun ni. Irun ọrùn Ẹ-Dúró-Díẹ̀ dìde dúró bí ọmọ iléèwé tí tíṣà wọlé tọ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Iná náà kú.

Láti ọjọ́ yẹn, iná náà kò ṣíwọ́ mọ́. Bí ìlà mìíràn bá pè, kò ní tàn. Bí oníbàárà bá pè, kò ní tàn. Bí Òpó Wáyà bá ti gbé fóònù tó sì sọ pé, "Èmi ni," yóò pọ́n fìrì, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi parí ọ̀rọ̀.

Òpó Wáyà tú fóònù náà palẹ̀. Ó tẹ̀lé wáyà láti ìsàlẹ̀ lọ, ó rákò wọ inú àjà mẹ́ta, ó sì rí okùn wáyà àtijọ́ mẹ́rin tó fara mọ́ ara ògiri, tó gòkè lọ sí ilẹ̀kùn kan lókè pátápátá. Nígbà tó sọ ibi tó jẹ́ fún un, Ẹ-Dúró-Díẹ̀ gbé bírò sílẹ̀.

"Yàrá ìyá mi nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ ló ti ń gba fóònù ilé náà kó tó kàn án. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi jókòó nínú yàrá kékeré yẹn, níwájú bọ́ọ̀dù àtijọ́ tí wọ́n fi ń so ìpè pọ̀, tí wáyà rẹ̀ pọ̀ bí irun orí. Àìsàn mú un, ó kú. Wọ́n ti yàrá náà pa, wọ́n gbé iṣẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi ọmọ rẹ̀ sídìí rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ló mú kọ́kọ́rọ́ gòkè lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn tán, ó fà sẹ́yìn. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa wọlé. Èmi á máa ṣọ́ àtẹ̀gùn kó má baà sá lọ."

Eruku ilẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí eku ì bá fi gbin nǹkan sínú rẹ̀. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀, ti ènìyàn tàbí ti ẹranko. Bọ́ọ̀dù náà dúró sí ògiri pẹ̀lú ihò rẹ̀ gbogbo. Àga wà níwájú rẹ̀. Apá fóònù àtijọ́, èyí tí wọ́n ń gbé sétí, wà lórí ìkọ́ rẹ̀.

Ẹ-Dúró-Díẹ̀ na ọwọ́, ó fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ohun mìíràn ló ní láti bá a sọ, òun ni pé Òpó Wáyà ti ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí fi bà á ju ẹ̀rù iná lọ, ó yẹ kí ẹ mọ òfin tó wà nínú ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ló fi lélẹ̀. Ó máa ń sọ pé ojú ènìyàn, aṣọ ni, à ń pààrọ̀ rẹ̀. Ohùn ni awọ ara. Bọ́ọ̀dù àtijọ́ yẹn kò ní orin. Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn dúró, á rò pé òun nìkan ló kù lórí ìlà, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hu ìwà rẹ̀ gan-an. Ẹni tó wà nídìí bọ́ọ̀dù sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ẹni Ọlọ́run tó ń ṣépè. Ó gbọ́ ọlọ́pàá tó ń sunkún. Ó gbọ́ jàgùdà kan tí gbogbo àdúgbò ń sá fún, tó ń rẹ ológbò rẹ̀ lẹ́kún bí ọmọ tuntun. "Ohun tí ènìyàn bá ṣe nígbà tó rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́," ni ìyá náà wí, "òun gan-an nìyẹn."

Bó ṣe rí ọkọ nìyẹn. Atúnaagoṣe ni ọkùnrin ọ̀hún, wọ́n ń pè é ní Baba Aláago láti ìgbà tí kò tíì bímọ kankan. Ó pè láti sọ pé aago ògiri ilé iṣẹ́ ti ṣe tán. Ìyá náà, tó ṣì jẹ́ ọmọge, ní kó dúró, iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó gbàgbé rẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó padà, ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sọ fún aago tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Fara balẹ̀, màmá. Ọwọ́ wọn ló dí. Èmi àti ìwọ ò kánjú." Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n ti di tọkọtaya.

Lórí ibùsùn àìsàn, obìnrin náà gba ìlérí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀: kò gbọdọ̀ fi ọmọ wọn fún ọkùnrin kankan tí kò bá tíì dá dúró lórí ìlà, kó sì gbọ́ ọ. Baba Aláago ti gbọ́ ọkùnrin méjì. Èkíní bú gbogbo ìran ẹni tó dá òun dúró. Èkejì ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Arúgbó yẹn ò ní pẹ́ kú, ilé á kù fún wa." Ọdún márùn-ún rèé tí Baba Aláago ti ń wà láàyè lẹ́yìn ìyẹn, kó lè fi bí i nínú lásán.

"Kò burú," ni baba náà wí nígbà tó gbọ́ ti Òpó Wáyà. "Jẹ́ kó pè. Má sọ nǹkan kan fún un."

"Bàbá, fóònù tuntun ni wọ́n ń lò níbẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá tẹ ìdúró, orin ló máa gbọ́, ẹ̀yin ò sì ní gbọ́ nǹkan kan."

"Èwo wá ni mo máa tẹ̀?"

Ó sọ èyí tí ń pa ẹnu tiwa mọ́ fún un.

Ọjọ́rú ni, aago méjì ọ̀sán. Baba Aláago jókòó sórí àga ọmọ rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó fi òwú nu etí méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ lọ síbi ìjẹun. Etí ọkùnrin yẹn mú débi pé ó lè dúró lójú títì kó sọ fún ọ pé aago abẹ́ ìrọ̀rí rẹ ti fi ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn. Ìlà kẹfà dún. Iná kẹfà pọ́n. Lójú ẹsẹ̀, kẹtàdínlógún náà pọ́n. Ẹ-Dúró-Díẹ̀ fi ọwọ́ bò ó.

"Ẹ kú ọ̀sán sà," ni Òpó Wáyà wí.

"Kú ọ̀sán, ọmọ mi. Dúró fún mi ná." Baba Aláago tẹ bọ́tìnì.

Ìdákẹ́jẹ́. Ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ-Dúró-Díẹ̀ ń gbàdúrà pé kó kọrin, kó hú, kó bá bàtà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohunkóhun.

"Bàbá," ni ohùn náà wí jẹ́jẹ́, "kò sí orin. Ó ní láti jẹ́ pé ẹ ń gbọ́ mi. Èmi ni mo so bọ́tìnì yẹn. Ẹ dárí jì mí, mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mi ò mọ̀."

Baba Aláago gbé fóònù sílẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn sílẹ̀.

"Olóòótọ́ ni," ni ó wí. "Mo gbọ́ ìyẹn. Àmọ́ ọkùnrin tó mọ gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbọ́ òun, òótọ́ ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo lè gbọ́, mi ò lè gbọ́ inú. Níbo ni màá ti gbọ́ eléyìí? Òun ló so gbogbo wáyà tó wà láyé. Mo ṣèlérí fún ìyá rẹ. Rárá ni."

"Bàbá."

"Rárá ni mo wí."

Ẹ-Dúró-Díẹ̀ bá Òpó Wáyà lórí àtẹ̀gùn. Inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi gòkè síbi àtẹ̀gùn kẹta kí ojú wọn lè dọ́gba.

"Kí ló dé tí o ò kàn dákẹ́? O ì bá kọrin ẹ̀mí kan, ká ti parí ẹ̀!"

"Ṣé kí n fi irọ́ fẹ́ ọ ni?"

"Kí o fi ọgbọ́n fẹ́ mi!"

Òpó Wáyà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. "Sátidé ni mò ń lọ. Wọ́n ti fún mi ní ìlú mìíràn, ìrìn ọjọ́ méjì. Bí wọ́n bá ti ránṣẹ́ báyìí, kì í sí ìpadàbọ̀. Tẹ̀ lé mi."

Ó wo ilẹ̀. "Láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá mi, mi ò lè lọ."

"Mo mọ̀," ni ó wí, ó sì lọ kó wáyà rẹ̀ jọ.

Nígbà tó fi di Jímọ̀, ilé iṣẹ́ náà ti dojú rú. Òpó Wáyà kò pe ẹnikẹ́ni mọ́, síbẹ̀ iná kẹtàdínlógún ń tàn fúnra rẹ̀, á kú, á tún tàn, bí ẹni tó ń béèrè pé, ẹ ti ṣe é sí? Akọ̀wé àjà kejì ń fi igi ìgbálẹ̀ gbé fóònù. Àwọn mẹ́ta ti gbé tábìlì bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọ̀gá Àgbà pàápàá kò sùn lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé náà.

"Gé e!" ni ó pàṣẹ. "Gé gbogbo wáyà tó lọ sí yàrá yẹn kí o tó kúrò níbí!"

Baba Aláago wà níbẹ̀ nígbà náà. Ó ti gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń ṣọ́ ọ bí ọlọ́pàá ṣe ń ṣọ́ olè, kí òpó má baà gbé e lọ. Òun àti ọmọ rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ tó pé gbólóhùn mẹ́ta. Òpó Wáyà gba iwájú wọn kọjá pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́, ó tẹrí ba fún baba náà, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́.

Wọ́n dúró. Iná kẹtàdínlógún pọ́n, ó kú, ó pọ́n. Lẹ́yìn náà ló kú pátápátá. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ẹ-Dúró-Díẹ̀ kò mọ ìdí tí omi fi dà lójú rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ sọ̀kalẹ̀ wá, ó ju okùn wáyà mẹ́rin sórí tábìlì rẹ̀ bí ẹni pa ejò. Gbogbo wọn ni ẹ̀mú ti gé ní orí àti ní ìdí.

"Ó tán," ni ẹ̀ṣọ́ wí. "Kò ku wáyà kan ṣoṣo nínú yàrá yẹn. Ó ní kí n máa lọ, òun fẹ́ kó irinṣẹ́." Ó padà sí géètì. Àwọn yòókù padà síbi iṣẹ́. Bàbá àti ọmọ nìkan ló kù nídìí fóònù.

Iná kẹtàdínlógún pọ́n.

Wáyà wà lórí tábìlì níwájú wọn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bọ́tìnì sípíkà rì wọlé fúnra rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ìka kan tẹ̀ ẹ́ tó sì dúró lórí rẹ̀. Òtútù kan gba orí tábìlì kọjá.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá," ni ohùn Òpó Wáyà wí láti inú fóònù.

Ẹ-Dúró-Díẹ̀ na ọwọ́ láti pa á. Baba Aláago di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ má bínú pé mo gé wáyà yín. Wọ́n ní kí n gé e ni. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ mi, bàbà inú wáyà ti já, mo ṣì gbé e sétí bí òpònú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì wà níbi tó dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi rí, àfi ibí yìí."

Kó-kó. Ìró kékeré kan, bí èékánná lára ike. Ọwọ́ Baba Aláago le koko lórí ti ọmọ rẹ̀.

"Ìlà kẹfà ò bàjẹ́ rí. Mo parọ́ ni. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ yín ni, gbogbo mọ́kànlá yẹn."

Kó-kó.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá. Èmi tí mo ga báyìí, baba kúkúrú kan ló ń bà mí lẹ́rù. Mi ò sì bínú sí i. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní fi ọmọ mi fún ọkùnrin tí kì í gbélé. Mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ. Kò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá tẹ̀ lé mi, ta ni bàbá yẹn á máa bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀? Aago ni? Mò ń lọ lọ́la. Mi ò ní pè é, kó má baà dà bíi pé mò ń fà á lápá. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Kó máa jẹun lọ́sàn-án, kì í jẹun bí fóònù bá pọ̀." Ohùn náà já díẹ̀. "Ó tán. Ẹ ṣeun tí ẹ bí i."

Kó-kó. Kó-kó. Kó-kó.

"Bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni Baba Aláago wí. "Bí ẹnì kan bá ń sunkún lórí ìlà tí kò sì lè dá a lóhùn, á fi èékánná kan fóònù, kí onítọ̀hún lè mọ̀ pé òun ò dá wà."

Ó dìde. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà nínú ilé náà, eékún baba yẹn kò sì tíì gun mẹ́wàá láti ọdún mẹ́rin. Ó gun gbogbo rẹ̀ láìsinmi, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, kò lè bá a.

Òpó Wáyà wà níwájú bọ́ọ̀dù, apá fóònù wà létí rẹ̀ síbẹ̀, okùn rẹ̀ tó ti gé ń fì lófìfo. Nígbà tó rí wọn, ó fò dìde, orí rẹ̀ kan àjà, eruku ọdún mẹ́fà dà lé e.

"Bàbá! Mo... mo ń dán an wò ni."

"Gbé e wá," ni Baba Aláago wí, ó na ọwọ́.

Ó gbé e fún un. Baba náà fi mọ́ àyà. Kò wo okùn tó gé. "Ẹ jáde, ẹ̀yin méjèèjì. Kí ẹ sì pa ilẹ̀kùn dé."

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, eruku ń bọ́ lára Òpó Wáyà sí aṣọ Ẹ-Dúró-Díẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n dànù. Ó sọ gbogbo ohun tí wọ́n gbọ́ fún un. Òpó Wáyà tẹ́tí títí, ó ranjú.

"Kò lè ṣeé ṣe," ni ó wí. "Èmi ni mo gé e."

"Mo rí wáyà náà."

"Gbogbo ẹ̀ lẹ gbọ́?"

"Títí kan ti ìlà kẹfà."

Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ẹ-Dúró-Díẹ̀ fa ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa," ni ó wí. "Bàbá mi kò ní dá gbé, èmi náà ò sì ní dá gbé. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé ìlú yìí lo fẹ́."

"Bí wọ́n bá kọ̀, màá máa tún rédíò àwọn aládùúgbò ṣe." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sínú tirẹ̀. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo ti fẹ́ ọ tán. Ẹsẹ̀ rẹ ló ń pẹ́ kó tó délẹ̀."

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń gbọ́ baba náà. Á sọ̀rọ̀, á dákẹ́. Á ní, "Ẹ̀n-hẹ́n." Á tún dákẹ́, fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń rojọ́ fún. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ láti ọdún mẹ́fà. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, kò sì sí èyí tó lè sọ bóyá ayọ̀ ni tàbí ìbẹ̀rù.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ojú Baba Aláago pọ́n, ṣùgbọ́n ó ti gbẹ. Ó tọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbá irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú.

"Sátidé kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó," ni ó wí. "Láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀sán."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, eékún rẹ̀ ń dún. Àwọn méjèèjì dìde, wọ́n tẹ̀ lé e wálẹ̀, kò sì sí èyí tó béèrè ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀.